Ẹsẹ̀ Ìyá Ayàwòrán

Ọjọ́ tí ìyá ayàwòrán ṣubú ní balùwẹ̀, tí eegun itan rẹ̀ sì sán, ni ayàwòrán mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Òun nìkan ni ìyá náà bí, kò sí ẹlòmíì tí yóò máa gbé e dìde. Ó bá lọ dágbére fún ọ̀gá rẹ̀.

Yàrá méjì péré ni ilé iṣẹ́ wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ìwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ayàwòrán, olótùú tó ń tún ọ̀rọ̀ tò, ọkùnrin kan tó ń to ojú ìwé, àti ọ̀gá wọn. Ọ̀gá Aago ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí aago ara ògiri ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ayàwòrán tán, ó tún wo aago.

"Má lọ," ó ní. "Máa ṣiṣẹ́ nílé títí ẹsẹ̀ Màmá á fi san. Kó má baà dà bíi pé mò ń ṣojúsàájú, gbogbo wa la ó jọ máa ṣe é bẹ́ẹ̀. A ó máa rí ara wa lórí kọ̀ǹpútà láràárọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ rẹ̀ fún àjèjì.

Nígbà ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ibi tí àwòrán dé ni ìyá fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀gá mi ni, Màmá."

Ìyá yára tún ìborí rẹ̀ ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ má bínú, n ò mọ̀ pé a ní àlejò. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀gá, tí ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́, tẹrí ba láti kí i. Ó tẹrí wálẹ̀ débi pé àga rẹ̀ nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

"Wọ́n ti lọ," ni ìyá wí.

Olótùú àti ẹni tó ń to ojú ìwé bú sẹ́rìn-ín níbi tí kálukú wọn wà.

Ojú ti ayàwòrán. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá pa. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní pálọ̀, sà."

"Ó dáa, a ó dúró dè wọ́n."

Láti ìgbà náà, ìyá á ti wẹ̀, á ti múra kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Á béèrè ikọ́ ọmọ olótùú, á bá ẹni tó ń to ojú ìwé wí pé ó ń rù. Iṣẹ́ ń lọ geere, ọ̀gá náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìyá rìn dé ilé aládùúgbò láàárọ̀ ọjọ́ kan láìmú ọ̀pá dání. Kò pẹ́ tó padà dé ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?" ni ọ̀gá béèrè.

Ìyá fọwọ́ pa itan. "Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi. Ó jọ pé yóò pẹ́ kó tó san."

Ayàwòrán yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni ọ̀gá wí. "Mo ti rò ó dáadáa. Iṣẹ́ tí à ń ṣe nílé yìí dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ yín bá tilẹ̀ san, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ó máa pàdé ní ọ́fíìsì. Ìpàdé àárọ̀ wa ò ní yẹ̀."

Ìyá mú ọwọ́ kúrò lórí itan.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti san," ó ní. Ó dìde láìdi nǹkan kan mú, ó lọ gbé omi tíì kaná.