Sàbí Ṣakí, Àlejò Wa

Sàbí Ṣakí ni wọ́n ṣẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983… Gbólóhùn yẹn dúró. Òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀sùn náà. Àmọ́ ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Ibẹ̀ ni bírò mi há sí láti àárọ̀. Mo kọ "ìjọba", torí òun ló pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, mo pa á rẹ́. Ìjọba kọ́ ló wọ àgbàlá wa. Ọkùnrin kan ni, ó wọ kakí, eruku ọyẹ́ bo bàtà rẹ̀…

Ọjọ́ kẹrin rèé. Ojú mi ṣì là sílẹ̀ bí ojú ẹni tí àrá sán sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹkún ò wá. Wọ́n kó bàbá mi sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù — bàbá mi! — ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, láàárín àwọn ọmọ Gánà àti ọmọ Tógò tí ojú tiwọn náà là sílẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti òun. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro gun ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Kí n tò ó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá máa ka ìwé yìí gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n kó lọ.

Ọmọ Bàrùbá ni, láti ìhà Níkí, ní Dàhòmì ayé ọjọ́un. Sàbí ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin kejì nílé wọn. Àgbàro ló wá ṣe ní Ṣakí, ó ń kọ ebè fún olóko, kí ogun Hítílà tó dé. Òyìnbó tó ń gba ọmọ ogun bi í, kí lorúkọ rẹ̀? Sàbí. Sàbí kí ni? Kò sí èkejì. Òyìnbó bá kọ ìlú tó ti gbà á mọ́ ọn. Sàbí Ṣakí. Orúkọ yẹn ló gbé lọ sí Bọ́mà, òun náà ló gbé bọ̀, pẹ̀lú ọta tí wọn ò rí yọ ní itan rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, a ní, "Ta ló ń jẹ́ Ṣakí nínú yín? Èmi nìkan ni ìlú yìí bá lọ sójú ogun."

Ebè rẹ̀ a tò gbọnrangandan. Ràsáàkì, aládùúgbò oko, a máa pariwo láti òdìkejì: "Bàbá Mọ́nsúrù, ṣé iṣu yìí fẹ́ yan bí ṣójà ni?"

"Ọ̀gá wọn ni wọ́n ń retí. Tìrẹ ńkọ́? Wọ́n ti sá lójú ogun."

Èmi rẹ́rìn-ín báyìí? Ẹ̀rín wo…

Gbogbo ìdájí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà: "Fọ́líìnì!" Èmi àti Fàtímọ̀ àbúrò mi a tò, a na ọwọ́, ó ń wo èékánná wa. Nígbà tí ibà gbé Fàtímọ̀ ṣánlẹ̀, ó fi ìró ìyá wa pọ̀n ọ́n, ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, ó gba àárín ọjà kọjá lọ sí ọsibítù. "Ẹ wá wò ó, ṣójà di ìyá ọlọ́mọ!" ni àwọn ọlọ́jà ń ké. Kò wẹ̀yìn. Ó ń fọwọ́ gbá ọmọ ní ìdí, ó ń tiro lọ.

Ẹni tí wọ́n ní kì í ṣe ará ibí nìyẹn.

Ó sì mú ìwé ogun rẹ̀ jáde o! Ọ̀gá tó wọ kakí náà kà á — Sàbí Ṣakí. Ó ti ń ká a padà. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, ó ti ń ká a padà. Ó kàn yíjú sí Baálé Ládòkun, olórí agboolé ìyá mi, ó ní kí wọ́n bá òun bi Baálé léèrè, ṣé ọmọ ìlú yìí ni bàbá mi?

Baálé ni. Baálé ló pa wá. Kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu tó fi súre ìgbéyàwó ìyá mi ló fi…

Kí ló sọ gan-an? "Àlejò wa ni o! Ó ti tó ogójì ọdún. Àlejò tó níyì, tó fẹ́ ọmọ wa, tó bímọ fún wa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àlejò wa, àwa ló fọwọ́ kàn."

Ohun tó sọ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Èwo ló burú níbẹ̀? Àlejò kọ́ la ń tẹ́ ẹní fún? Àlejò kọ́ la ń bu ẹran tó tóbi jù fún? Bí Baálé bá fẹ́ ta á nù, àjèjì ni ìbá wí. Kò wí àjèjì. Kò wí i. Ó ń gbèjà rẹ̀ ni.

Ọ̀gá náà ló ṣì í gbọ́, nígbà náà. Àmọ́… kò gbọ́ Yorùbá rárá. Baálé náà ò gbọ́ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu kan kọjá kó tó —

Dúró ná.

"Ọmọ wa tó ti Yunifásítì dé ló máa túmọ̀ rẹ̀." Ohùn Baálé nìyẹn, ó ń fi mí yangàn. Mo ti bọ́ síwájú kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe.

Mo gé e kúrú. Ogójì ọdún, ìyàwó, ọmọ — mo fò ó. Sítírénjà wa ni, ni mo wí. Bí a ṣe kọ́ ọ ní pírámárì nìyẹn: àlejò, sítírénjà. Bẹ́ẹ̀ la ń wí nílé títí dòní: sítírénjà dé, ẹ fún un lómi. Ọ̀gá náà ò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ àjèjì.

Bàbá mi sì gbọ́ òyìnbó ṣójà. Ó gbọ́ ọ.

Ó bojú wò mí. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí gírámà mi. Ó la ẹnu díẹ̀, ó wo Baálé, ó wo gbogbo agboolé tó ń fi mí ṣe fáàrí, ó pa ẹnu náà dé. Ó dúró ṣánṣán. "Yẹ́sà," ó ní. Ó lọ kó aṣọ rẹ̀.

Kò fẹ́ kí ojú tì mí.

Ìyá mi gbé ẹ̀kọ wá fún mi láàárọ̀. Kò wo ìwé tí mò ń kọ. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, ohùn rẹ̀ ò ga. Mo díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń dúró.

"Mọ́nsúrù, sọ fún mi. Kí lo pe bàbá rẹ fún ọkùnrin yẹn?"