Nọ́ńbà Ogójì Tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Lórí Pátákó

Ìrẹsì ni Verna Hladun ń dì sínú ewé kábéèjì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, ohùn ọkọ rẹ̀ sì ń jáde níbẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Orest ti ń sọ̀rọ̀ eré họ́kì orí yìnyín lórí tẹlifíṣọ̀n agbègbè wọn. Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà, tí wọn ò mọ orúkọ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí Orest bá wúkọ́ lásán, wọ́n á ní, "Òtútù ti mú Hladun."

Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ni pé kì í wo nọ́ńbà. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yòókù máa ń tẹ́ pátákó kékeré síwájú, nọ́ńbà àti orúkọ gbogbo ọmọ eré á wà lára rẹ̀, ojú wọn á sì máa sáré láti orí yìnyín sí orí pátákó bí ojú adìẹ tó gbúròó àṣá. Orest náà ní pátákó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wò ó. Ó ní bí ọmọ kan bá ti fi bàtà onírin yí ẹ̀yìn padà lẹ́ẹ̀mejì lójú òun, òun mọ̀ ọ́n nìyẹn, títí dọjọ́ alẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló wà tí Orest kò jẹ́ kí ojú òun bá lọ. Danylo ni, ọmọ tí ọmọbìnrin wọn bí, tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wa epo lápá àríwá ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan nílé, nítorí náà ọwọ́ Verna ni ọmọ náà ti dàgbà láti ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí Danylo wọ ẹgbẹ́ Kessock lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pé bàbá àgbà yóò máa gbé ọmọ tirẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Orest dé egungun. Ó búra nídìí oúnjẹ pé bí òun bá ti ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí, òun ò lọ́mọ. Hladun, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún: bí òun yóò ṣe máa pè é nìyẹn, òun ò ní fi nǹkan kan kún un. Verna rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin náà kọ́ ojú ara rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ajá ọdẹ, débi pé bí Danylo bá gbá róbà dúdú tí wọ́n fi ń ṣeré sáwọ̀n, ohùn rẹ̀ kì í ga ju bó ṣe ń ga fún ọmọ ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó ń rẹlẹ̀.

Eré ti dé ìdá kejì nígbà tí Verna dìde lọ wo iná ààrò. Nígbà tó padà, ìpolówó ti tán, ó sì rí ọmọ Kessock kan tí kò sí orúkọ lẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà ogójì ló wọ̀. Ọmọ náà fi ọ̀pá rẹ̀ lu yìnyín lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, kí wọ́n tó ju róbà sílẹ̀. Verna rẹ́rìn-ín. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni Danylo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àní pẹ̀lú ìgbálẹ̀ nínú ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé e lójú ẹsẹ̀: imú Danylo ti tún ṣẹ̀jẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Òfin eré yìí ni pé ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lára aṣọ ẹnikẹ́ni lórí yìnyín. Bó bá kán sí i, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ jẹ́sì ìpamọ́ fún un, èyí tí kò lórúkọ, wọ́n á sì kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n lè mọ ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Ta wá ni ogójì yìí?" Orest ló ń wí bẹ́ẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. "Mi ò ní i lórí pátákó mi."

Garth, ọmọ eré àtijọ́ tí wọ́n jọ ń jókòó sọ̀rọ̀, dá a lóhùn pé, "Bóyá ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé ni, tí ìjókòó wá sú u."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá owó ẹ̀ padà. Ó ń sáré ju àwọn tí wọ́n pè lọ."

Verna rín in dọ́kàn. Ó ti ń to yẹ̀yẹ́ tí yóò fi ọkọ rẹ̀ ṣe jọ bó bá délé: bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ìwọ tí o mọ gbogbo ọmọ aráyé. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìrẹsì nígbà tí ọmọ kan láti Drumlin, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá ṣeré, géńdé bí ilẹ̀kùn àká, já wá láti ẹ̀yìn, tó fi èjìká gbá ogójì mọ́ ògiri pákó. Orí ló kọ́kọ́ kan ògiri. Ìró rẹ̀ jáde nínú tẹlifíṣọ̀n bí ìgbà tí àáké la igi gbígbẹ. Ọmọ náà ṣubú láìna ọwọ́ sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lójú kan, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, kò sì mira.

Verna ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Abọ́ ìrẹsì dà nù.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ohùn Orest ti rọ̀. Ó ti di ohùn tó máa ń lò bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ràn. Ó ní dókítà ti ń bọ̀. Ó ní kámẹ́rà ò ní sún mọ́ ọmọ náà. Ó wá sọ èyí tí Verna ò ní gbàgbé láyé:

"A ò tíì mọ orúkọ ọmọ yìí. Bí a bá sì mọ̀ ọ́n, a ò ní dá a títí àwọn ẹbí rẹ̀ á fi gbọ́. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀, níbikíbi tí ẹ bá ti ń wò wá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́."

"Ìwọ ni," Verna wí fún tẹlifíṣọ̀n. Kò pariwo. "Ìwọ ni ẹbí rẹ̀."

Ó pe fóònù ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní wọlé, nítorí Orest kì í tan fóònù lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìpolówó lọ, ìpolówó bọ̀, ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀, Orest sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ àwọn onísọ́séèjì tó sanwó fún eré ọjọ́ náà. Iṣẹ́ wọn ni. Bí eré bá dúró pẹ́, ẹnu kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ohun tí wọ́n bá tì sí i lọ́wọ́ ni yóò kà. Ọmọ rẹ̀ nà gbalaja lórí omi dídì, òun ń sọ fún aráyé bí sọ́séèjì ṣe ń ta sánsán nínú páànù.

Nọ́ńbà fóònù kan wà tí wọ́n lẹ̀ mára fìríìjì láti ìgbà tí àyà Orest ti ń dùn ún níjọ́sí. Nọ́ńbà ọkọ̀ ńlá tó máa ń dúró síta pápá ni, níbi tí àwọn tó ń darí àwòrán ń jókòó sí. Colette Arcand ni ọ̀gá ibẹ̀, òun ló máa ń sọ̀rọ̀ sí Orest létí látìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Verna pe nọ́ńbà náà, fóònù ò sì tíì dún dáadáa tí Colette fi gbé e.

"Colette, Verna ni. Ogójì yẹn, Danylo ni."

Verna ń gbọ́ àwọn ènìyàn lẹ́yìn Colette tí wọ́n ń pe kámẹ́rà kejì, kámẹ́rà kẹrin.

"A mọ̀, Ìyáàfin Hladun," Colette wí.

Verna rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó bi í pé láti ìgbà wo.

Colette bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ìwé náà ti dé láti ìgbà tí ọmọ ti pààrọ̀ aṣọ. Òun fẹ́ sọ ọ́ sí Orest létí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń ṣàwàdà tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́, ó sì dùn, òun wá ní kí òun jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ ná. Kí òun tó padà síbẹ̀, ọmọ ti ṣubú. Òun pe àwọn ọ̀gá nílùú ńlá, wọ́n ní kí òun má tíì sọ ọ́. Bí ẹ̀rù bá ba Garth, ó ń kólòlò ni, kò lè dá sọ̀rọ̀. Bí Orest bá dìde, kò sẹ́ni tí yóò jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n wí, títí ọkọ̀ aláìsàn á fi wọlé.

"Ẹ ní kó má dá orúkọ kí ẹbí tó gbọ́," Verna wí.

"Òfin iṣẹ́ ni."

"Òun ni ẹbí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Verna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìrẹsì. Colette kì í ṣe ọmọ burúkú, ìyẹn gan-an ló sì dun Verna jù. Ọmọ tó ti jẹ kábéèjì nínú ilé yìí nígbà Kérésì, tó fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, òun ló jókòó sínú ọkọ̀, tó mọ ohun tó mọ̀, tó sì ń sọ fún bàbá àgbà ọmọ pé kó ka sọ́séèjì.

"Fi mí sí etí ẹ̀," Verna wí.

"Ìyáàfin Hladun, wọ́n á lé mi."

"Ó ṣeé ṣe. Tí ọmọ yẹn bá wá kú kí bàbá àgbà ẹ̀ tó débẹ̀, kí lo máa sọ fún un? Wàá ní àwàdà yẹn ló dùn?"

Nǹkan kan dún kẹ́ nínú fóònù. Lẹ́yìn náà Verna gbọ́ èémí ọkọ rẹ̀ nítòsí, bí ó ṣe máa ń gbọ́ ọ lórí ìrọ̀rí.

"Orest, èmi ni. Má dáhùn. Imú Danylo ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún un. Òun ni ogójì. Sọ̀kalẹ̀ lọ bá a."

Àwòrán kì í tètè dé inú ilé. Ó máa ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ rìn lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní pápá. Verna mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó gbójú sókè tó gbọ́ tí Orest ṣì ń sọ̀rọ̀, tó ń sọ bí ẹgbẹ́ Drumlin ṣe máa ń ṣe dáadáa bí wọ́n bá jáde kúrò nílé, ó dìde dúró. Ó dà bí pé ọkùnrin náà ti gbọ́, tó sì ju ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, tó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ka ìṣẹ́jú àáyá náà. Ìkan, èjì, ẹ̀ta. Orest tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Drumlin, ó pè é ní ọlọ́gbọ́n ọkùnrin.

Láàárín ọ̀rọ̀ ni ohùn náà já.

Kò wúkọ́, kò sì mí kanlẹ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní káàkiri agbègbè yẹn ni àwọn ènìyàn dìde tí wọ́n lọ gbá ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n rò pé ó bàjẹ́ ni. Garth ní, "Orest?" Ó tún ní, "Orest?" Àga kan ṣubú.

Nígbà tí kámẹ́rà rí i, ó ti wà lórí yìnyín pẹ̀lú bàtà aláwọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Ó yọ̀, ó ṣubú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gún ilẹ̀. Rẹfirí kan na ọwọ́ láti dá a dúró, kò tilẹ̀ rí i. Ó dìde, ó tún yọ̀, ó wá ń rá lọ, táì ń wọ́ nílẹ̀ níwájú rẹ̀, okùn ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ò wúkọ́. Ó dé ibẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, bàtà onírin kan mira, lẹ́ẹ̀kan péré.

Verna ló wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù fúnra rẹ̀, ọgọ́ta kìlómítà nínú yìnyín, kò sì rántí ibì kan lójú ọ̀nà náà títí dòní. Dókítà sọ fún un pé egungun ọrùn kan ti sán, ṣùgbọ́n okùn iṣan inú rẹ̀ kò já. Ọmọ náà yóò rìn. Inú yàrá, Danylo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìdè líle lọ́rùn, ojú rẹ̀ ń wo òrùlé. Orest jókòó tì í, wọ́n ti fi báńdéèjì dí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì sọ fún Verna pé láti ìgbà tó ti dé kò tíì sọ̀rọ̀, àní nígbà tí wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí ọmọ, ó kàn ń mi orí ni.

Gbogbo ọmọ eré Kessock ló máa ń bi Orest ní ìbéèrè kan bí eré bá parí. Danylo nìkan ni kì í bi í, nítorí ìbúra yẹn. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora ti tú u létè.

"Bàbá àgbà, kí lẹ sọ nípa mi lórí tẹlifíṣọ̀n?"

Verna fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, kó ní ó yìn ọ́, ó ní o ń sáré. Orest gbé ọwọ́ báńdéèjì sókè, ó dá a dúró.

"Mo bèèrè pé ta ni ọ́," ó ní. "Mo ní mi ò mọ̀ ẹ́."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó dùn ún lọ́rùn. Ó yí ojú, nítorí ojú nìkan ló lè yí, ó wo bàbá àgbà rẹ̀ láti mọ ibi tí àwàdà náà ń lọ. Ó wò ó títí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ó ní.