Ìgò Aláwọ̀ Ewé

Ẹ̀gbọ́n mi ló pa irúgbìn hẹ́dímásítà, èmi ni wọ́n lé kúrò nílé ìwé.

Hẹ́dímásítà gbin irúgbìn sẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀ nítorí aláyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó ń tọ́jú wọn bí ọmọ tuntun. Ẹnì kan bu kẹrosíìnì wọ́n wọn dípò omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ewé ti rọ, wọ́n dúdú bí ohun tí iná jó. Wọ́n pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, nítorí àwa ni iṣẹ́ omi pípọn kàn lọ́sẹ̀ náà. Èmi mọ ẹni tó ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo rí ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ omi, tó ń fi iyanrìn ha ọwọ́, tó ń gbóòórùn rẹ̀, tó tún ń ha á. Mo dákẹ́ níwájú hẹ́dímásítà nítorí mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi ni, sà."

Wọ́n nà mí, wọ́n lé mi. Bàbá wa ní òun kò ní lọ bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ọmọ tó ba òun lórúkọ jẹ́. Ó fà mí lé ọkùnrin kan tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe lọ́wọ́, iṣẹ́ náà ni mo sì ń ṣe di òní. Ẹ̀gbọ́n mi kàwé títí ó fi kù díẹ̀ kí ìwé tán nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò pè é ní Bọ̀ọ̀dá mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Orúkọ yẹn ni mo fi ń bú u, àfi bí wọ́n ṣe fi orúkọ kan náà dá a lọ́lá lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì.

Bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ òótọ́ fún un. Jẹjẹrẹ ọyàn pa ìyá wa, ó jókòó tì í títí dé òpin, kò sọ fún òun náà. Lẹ́yìn ikú ìyá wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè dènà jẹjẹrẹ nínú ewé. Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo ní ẹ̀gbọ́n. Mo ń dá wọn lóhùn pé mo gbọ́.

Nígbà tí kókó wá yọ nínú ọyàn ìyàwó mi, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì ràn. Kí wọ́n tètè gé e jáde. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Ìyàwó mi di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì ní òun kò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ rí, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde.

"Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń fi ewé ṣe oògùn jẹjẹrẹ," ó ní. "Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí èmi lọ bẹ ta ni?"

"Olóríkunkun. Èmi ni mò ń kú lọ, ìwọ lò ń bínú."

Mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde nígbà tó rí mi, ó fa àga fún mi, n kò jókòó. Mo ṣàlàyé.

"Kì í ṣe oògùn," ó ní. "Èròjà kan wà nínú ewé náà tí a rò pé ó lè má jẹ́ kí jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀. A rò ó ni, a ò tíì mọ̀. Ara eku la ṣì ti ń wò ó. Èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ ní tiẹ̀, kò lè rí i ṣe. Àbúrò mi, jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n tètè rí i. Ó lè yè é."

Mo ní ó ṣeun. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ó ní in, kò fẹ́ fún mi.

Mo ń jáde lọ ni obìnrin tó ń fún àwọn eku lóúnjẹ pè mí láti yàrá kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe? Kọ́kọ́rọ́ fíríìjì yìí ń há. Ó ti fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́wọ́."

Mo wọlé. Àwọn eku funfun wà nínú àgò wọn lára ògiri, àmì pupa wà lára àwọn àgò kan, àmì àwọ̀ ewé wà lára àwọn yòókù. Mo tú kọ́kọ́rọ́ náà. Ìgò dúdú-dúdú ló kún inú fíríìjì, tí èèyàn ò lè rí ohun tó wà nínú wọn, wọ́n sì ní àmì bíi ti àwọn àgò.

"Èwo nínú wọn ló ń mu ewé?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀, sà. Àwọn kan ń mu ewé tí wọ́n pò mọ́ òróró, àwọn kan ń mu òróró lásán, kí a lè fi wọ́n wéra. Ọ̀gá nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ èwo. Wọ́n ní tí mo bá mọ̀, ohun tó wù mí ni ojú mi á máa rí."

"Ó máa mọ̀ ọ́n. Ó mọ àṣírí pa mọ́ gan-an."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń yin ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó jáde lọ da omi nù, mo sì mú ìgò kan. N kò ronú púpọ̀. Ewé ni mo wá, àmì àwọ̀ ewé ló wà lára ìgò. Mo fi í sáàárín àwọn irinṣẹ́ mi, mo sì fi ọgbọ́n to àwọn tó kù.

Láràárọ̀ ni ìyàwó mi ń mu ṣíbí kan.

"Ó dà bí òróró lẹ́nu," ó ní.

"Inú òróró ni wọ́n po ewé mọ́. Gbé e mì."

Ẹ gbọ́, ara rẹ̀ yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó gbálẹ̀, ó kọrin, ó bú mi nítorí aṣọ tí mo jù sílẹ̀, inú mi sì dùn sí èébú náà. Ó ní kókó náà ti ń rọ̀. Ó fi ọwọ́ mi lé e, èmi náà ní ó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n tí n bá dá wà nídìí iṣẹ́, ọwọ́ mi á máa rántí bó ṣe le tó, n ó sì fi ọwọ́ náà gbá tábìlì.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wa. A ń mu tíì láàárọ̀ ni mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi wọlé láì kan ilẹ̀kùn, kò sì pa mọ́tò náà.

"Ojúlùmọ̀ mi kan ní ọsibítù ló pè mí pé ẹ ò tíì dé. Tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó tún máa kàn yín." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. "Ìgò mi rèé. Ibí ló wà! Ṣé ó ti mu nínú ẹ̀?"

"Ó ti fẹ́ẹ̀ mu ún tán. Ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ohun tó o fi dù wá nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú. "Òróró ni. Òróró lásán ni! Inú èyí tó ní àmì pupa ni ewé wà."

"Irọ́."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì àwọ̀ ewé sára òróró ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa fojú dá a mọ̀."

"Áà! O tún ń tan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n irọ́!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí i," ìyàwó mi ní. "Ṣùgbọ́n ara mi yá lóòótọ́."

"Ìyàwó wa, mo gbà pé ara rẹ fúyẹ́. Fọwọ́ kan kókó yẹn. Má wo ọkọ rẹ. Ṣé ó ti kéré sí i?"

Ìyàwó mi ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́. Nígbà tó yọ ọ́, ojú mi ló wò.

"Mi ò mọ̀ mọ́," ó ní. "Mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń sọ. Tó o bá ní kí n lọ, màá lọ. Tó o bá ní kí n dúró, màá dúró. Ṣùgbọ́n tètè sọ ọ́, mo bẹ̀ ọ́."

Tó bá jẹ́ ewé ló wà nínú ìgò náà, ìyàwó mi lè yè láì sí abẹ. Tó bá jẹ́ òróró, láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ṣíbí pa á díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀, ọkùnrin náà sì ni n kò lè gbà gbọ́.

"Màá búra fún ọ," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ohun tó o bá fẹ́ kí n fi búra."

"Mi ò fẹ́ ìbúra. Bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí náà lo ṣe sọ̀rọ̀ níwájú hẹ́dímásítà. Ohùn kan náà ni. Báwo ni kí n ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀?"

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn la fẹ́ máa sọ báyìí? Bẹ́ẹ̀dì ń lọ! Ọmọdé ni wá nígbà yẹn!"

"Òun gan-an la fẹ́ sọ. Sọ òótọ́ kan fún mi tí èmi náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ. Tó o bá sọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá gbé báàgì yẹn sínú mọ́tò."

Mọ́tò ń kùn níta. Ẹ̀gbọ́n mi wo bàtà rẹ̀, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́, mo sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹnu rẹ̀ mì. Ó sọ nǹkan kan sínú.

"Bọ̀ọ̀dá," ìyàwó mi ní, ó ti di apá àga mú, "mi ò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè.

"Èmi ni," ó ní, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. "Agolo ni mo ṣì mú. Mo rò pé omi ni, ó ti dà tán sórí wọn kí n tó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo ní àbúrò mi ni. Kì í ṣe àbúrò mi. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo pa irúgbìn yẹn, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n lé e."