Ìbuwọ́lù Ọ̀gá Gírámà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Gírámà fún yín. Àbúrò ìyàwó Baba tó ni ilé ìtẹ̀wé wa ni, òun ni Baba sì fi ṣe ọ̀gá lé wa lórí. Lọ́jọ́ tó dé, táì rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, òun tẹ̀lé e. Ìmọ̀ ò tíì dé títí dòní.

Èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àǹtí Aláwò ló ti ń ka ìwé, tó ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, láti ogún ọdún gbáko. Ìwé àyẹ̀wò ìkẹyìn kì í kúrò lórí ìṣó ara ògiri wa. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ló ni àṣìṣe inú rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ iléèwé, Ọ̀gá Gírámà gba bírò pupa, ó kan s mọ́ ìdí sheep, ó kàn án mọ́ deer, kò dá aircraft pàápàá sí.

"Ọ̀gá, sheep kan, sheep mẹ́wàá, bákan náà ni," ni Àǹtí Aláwò wí.

"Mẹ́wàá láìsí s? Ṣé wọ́n ń sá pamọ́ sẹ́yìn ara wọn ni?"

"Àgùntàn mẹ́wàá ńkọ́? Kí lẹ máa fi sí ìdí tiwọn?"

"Yorùbá nìyẹn! Ẹ buwọ́ lù ú, àbí kẹ́ ẹ gbé báàgì yín."

Opó ni obìnrin yìí, iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Orúkọ mi ò ní sùn sábẹ́ ìyẹn." Ó gbé báàgì.

Ọ̀gá Gírámà pòṣé, ó buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀, gbàgàdà, ìdajì ojú ewé. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ ẹgbẹ̀rún kan.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí ọ̀gá iléèwé fi kó gbogbo rẹ̀ padà. Baba bínú dé. "Ta ló ka èyí?"

"Àǹtí Aláwò ni, bọ̀ọ̀dá," ni aláìnítìjú náà dáhùn.

Mo lọ sídìí ìṣó, mo já ìwé àyẹ̀wò náà, mo gbé e lé Baba lọ́wọ́. Baba wo ìbuwọ́lù, ó wo àna rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹja tó ti jẹrà.

Wọ́n fi mọ́tò lọ gbé Àǹtí Aláwò padà wá. Wọn ò lé àna. Baba ò fẹ́ wàhálà ìyàwó. Abẹ ni wọ́n fún un, kó máa ha s kúrò nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Àǹtí Aláwò máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, táì rẹ̀ ti di aṣọ ìnu-òógùn. Ó na ìwé kan síwájú obìnrin náà, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ ọmọdé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aircraft méjì ńkọ́?"

Àǹtí Aláwò ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ ha á kúrò."