Ẹnu Káfíńtà Lórí Àga Dókítà Eyín

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rín yín pamọ́ díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí ẹnu ara rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n fún un ni mo gbé wá.

Káfíńtà ni. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, ni dókítà eyín, obìnrin tí kò tó àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí, bá gbin súkúrù sínú eegun àgbọ̀n rẹ̀, ó sì fi eyín tuntun dé e lórí. Ọkùnrin náà tún ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń fi eyín ya ẹran. Dókítà ti kìlọ̀ fún un: "Ẹ máa fọ ìdí rẹ̀, ẹ máa padà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì mu sìgá mọ́. Èéfín kì í jẹ́ kí eegun di súkúrù mú." Káfíńtà mọ̀ pé òótọ́ ni. Súkúrù inú igi tó ti jẹrà, ọjọ́ wo ni yóò dúró?

Àmọ́ sìgá ti mọ́ ọn lára. Ìyàwó rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: "Sìgá ló pa bàbá mi. Ọjọ́ tí mo bá tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu yín, ilé yìí ò ní gba àwa méjèèjì." Ló bá dọ́gbọ́n. Ẹ̀yìn pákó ní ṣọ́ọ̀bù ló ti ń mu ún. Bó bá mu ún tán, a fi fáníìṣì tí wọ́n fi ń kun àga ra ọwọ́ àti irùngbọ̀n, kí òórùn rẹ̀ lè bo ti sìgá. Bó bá délé, ìyàwó a ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin náà ti di àga!" Wọn a jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìdí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ìyàwó ló fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì jókòó tì í gbágbáágbá. Wọ́n na àga sẹ́yìn, wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n fi irin la ẹnu rẹ̀. Ẹja inú àwọ̀n sàn jù ú lọ.

Dókítà wo fọ́tò eegun, ó mi orí. "Eegun ń sá fún súkúrù. Ṣé wọ́n ń fọ̀ ọ́?"

"Láàárọ̀, lálẹ́," ni ìyàwó wí. "Mo ń dúró tì wọ́n bí ọlọ́pàá."

"Àtọ̀gbẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Ẹ bi mí, adùn kankan ò sí lára ọkùnrin yìí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Sìgá wá ńkọ́?"

Káfíńtà pa ojú dé.

"Sìgá kẹ̀?" ni ìyàwó wí. "Wọ́n ti jáwọ́! Mo fi orí mi búra, mo fi ti àwọn ọmọ mi kún un."

Lójú káfíńtà, ọ̀rọ̀ náà dà bí egungun tó há sí ọ̀fun: kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é pọ̀.

"Á jẹ́ pé eegun wọn ló kọ̀ ọ́," ni dókítà wí. "Ká ní èéfín ni, wọn ì bá jáwọ́, ǹ bá tún ìdí rẹ̀ ṣe, bóyá á dúró. Ṣùgbọ́n báyìí, ó yá kí n yọ ọ́ kó tó ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Eegun tó kù ò sì lè gba òmíràn."

Bó ṣe na ọwọ́ sí irinṣẹ́ ni káfíńtà gbá a lọ́wọ́ mú. Ó fa irin kúrò lẹ́nu. "Dókítà, ẹ dúró. Mò ń mu ún. Ojoojúmọ́ ni."

Ìyàwó wò ó títí. "Ẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi orí àwọn ọmọ búra èké," ló wí, ó sì jáde.

Káfíńtà fẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Dókítà tì í padà: "Bàbá, ẹ má mira, kí n tún ìdí rẹ̀ ṣe." Irin tún wọ ẹnu, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han, kò sì gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ gbà.

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga ìta. Obìnrin náà ò wojú rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù yín ni kí ẹ máa sùn," ló wí. "Ọjọ́ tí dókítà bá sọ fún mi pé eegun ti di súkúrù mú, kí ẹ wá kanlẹ̀kùn." Eyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò rí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín sí.

Ìyàwó àbúrò ìyá mi, tó ń fọ irinṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà náà, ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún yín.