Ìdúró Tí Wọ́n Yọ

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Yahya gbé pátákó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ilésanmí ní Ìkòtún. Ìjẹ̀gùn ló ti gun ọ̀kadà wá. Ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ so pátákó náà mọ́ àyà kí kòtò ojú ọ̀nà má baà gbọ̀n ọ́n bọ́.

Yahya kò ríran. Pátákó yìí ló fi ń rí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ kéékèèké ló kún ojú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń hàn nínú kọ̀ǹpútà, àwọn abẹ́rẹ́ náà á máa dìde, wọ́n á máa wọlẹ̀, Yahya á sì máa fi ìka kà wọ́n ní bírélì, ìwé oníkókó àwọn afọ́jú. Àwọn kan máa ń bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ọ̀rọ̀ sí òun létí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn àwọn ẹlẹ́rìí ní kóòtù ló wà létí rẹ̀ méjèèjì, tó ń tẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìka nìkan ló kù tó lè fi yẹ ohun tó tẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe pátákó náà ti kógbá wọlé. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì tíì pàdé ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀.

Àwọn lọ́yà kan ní Ìkẹjà ti gbà á síṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tuntun ni tiwọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan àjèjì kún ohun tó bá a wá. Dírẹ́bà, ìyẹn ètò kékeré tó ń bá pátákó sọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ wà nínú kánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Kánẹ́ẹ̀lì ni ọkàn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ọ̀kan náà ni àwọn ènìyàn ń lò káàkiri ayé, àwọn alábòójútó ló sì ń sọ ohun tó lè wọ inú rẹ̀. Àwọn lọ́yà náà ní àwọn á dúró de ẹ̀dà kánẹ́ẹ̀lì tó ń bọ̀ yìí. Àwọn ò ní dúró de òmíràn.

Ganiyat ló kọ dírẹ́bà náà. Òṣìṣẹ́ Ilésanmí ni, ó sì mọ iṣẹ́. Láti ìgbà òjò ló ti ń fi í ránṣẹ́ sí alábòójútó ní ímeèlì. Alábòójútó á tọ́ka sí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ganiyat á tún un ṣe, á sì tún fi ránṣẹ́. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ lè ka ìyìn rẹ, ó sì lè ka èébú rẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló kù. Alábòójútó kọ ọ́ pé: “Kí nìdí tí ìdúró yìí fi wà níbí?”

Iná tó ń gbé abẹ́rẹ́ dìde lágbára. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ó máa ń fò sókè kó tó rọlẹ̀. Ganiyat ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tó fi pàṣẹ nínú dírẹ́bà pé kí pátákó dúró díẹ̀ kó tó ṣí iná sí àwọn abẹ́rẹ́. Kò ju àkókò tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lọ.

Ó ti ń kọ èsì lọ nígbà tí Ilésanmí ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

“Kí lò ń kọ?”

“Mò ń dá wọn lóhùn ni, sà. Wọ́n béèrè ìdí ìdúró yẹn.”

Ilésanmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka èsì náà, ó sì pa á rẹ́.

“Bí bàbá ẹ bá bi ẹ́ pé kí ló wà lẹ́nu ẹ, ṣé àlàyé lo máa ṣe, àbí wàá tu ú dànù?”

“Ọ̀gá, iná yẹn á—”

“Ọkùnrin yẹn ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Àgbà ní kí lèyí, ìwọ fẹ́ máa kọ́ ọ níṣẹ́. Máa bá a jiyàn lọ, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀dà yìí mọ́ wa lọ́la. Yọ ọ́, jàre!”

“Ó lè jó pátákó Bọ̀dá Yahya.”

“Ó lè jó o. Òjò náà lè rọ̀. Yọ ọ́.”

Ganiyat yọ ọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ṣe é. Ilésanmí kò ní nǹkan kan sí Yahya. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú kánẹ́ẹ̀lì ló ń wá, ó sì ti ń fi yangàn káàkiri Ìkòtún bí ẹni pé ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n alábòójútó kì í gba àtúnṣe tí wọn kò bá tíì dán wò lára ẹ̀rọ gidi. Ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Yahya nìyẹn.

“Ganiyat,” Yahya ní bó ṣe ń tú gèlè, “ṣé wọ́n ti gba ọmọ wa sílé ìwé?”

“Ó kù díẹ̀ kí dírẹ́bà náà wọlé, ẹ̀gbọ́n.”

“Alfa,” Ilésanmí wí, “tí o bá di ará Ìkẹjà tán, o ò ní rí wa mọ́.”

“Mi ò rí yín lónìí náà, sà.”

Ilésanmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ganiyat kò rẹ́rìn-ín. Yahya gbọ́ pé kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló ṣe ẹ́?”

“Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n.”

Àyè tó ní láti sọ ọ́ nìyẹn. Ó fi ṣòfò.

Ó so pátákó mọ́ kọ̀ǹpútà. Yahya gbé ìka ọwọ́ méjèèjì lé e, bó ti máa ń ṣe. Gbogbo abẹ́rẹ́ náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n le gbandi, Yahya sì já ọwọ́ gbà. Nǹkan kan dún tá nínú pátákó. Òórùn ike tó jó gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn abẹ́rẹ́ wọlẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́.

“Ó ta mí,” ni Yahya wí. “Kì í ta mí tẹ́lẹ̀.”

Ganiyat tú u. Ibi tí iná ń gbà kọjá ti dúdú, ó ti là. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ mọ́.

“Ogbó ló pa á, Alfa,” Ilésanmí wí. “Nǹkan ọjọ́ tó ti pẹ́. Bi Ganiyat wò.”

Yahya kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ èémí ọmọbìnrin náà.

“Ṣé ogbó ni?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ìdúró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ.”

“Ta ló yọ ọ́?”

“Ọ̀gá ló ní kí n—”

“Mi ò béèrè ẹni tó ní kí o ṣe é.”

“Èmi ni.”

“O mọ̀ pé ó lè jó?”

“Mo mọ̀.”

“O sì jẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé e.”

Ilésanmí pòṣé. “Ẹ wo ẹlẹ́rìí kóòtù! Ganiyat, kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti dán an wò. Àbí a ò dán an wò ni?”

Ganiyat kọ òtítọ́ síbẹ̀: ohun tí ìdúró ń ṣe, ìdí tó fi yọ ọ́, àti pé pátákó ti jó. Èsì dé kí Yahya tó mu omi tí wọ́n gbé fún un tán.

“Kà á sí mi létí,” ni Yahya wí. Ganiyat kà á ní Yorùbá:

“‘Ìbéèrè ni mo béèrè, mi ò ní kí o yọ ohunkóhun. Ìwọ lo ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, èmi ò rí i rí. Bí o bá mọ ìdí rẹ̀, ṣe ló yẹ kí o sọ ọ́, kí o sì dúró lórí rẹ̀. O ti dán ẹ̀dà tó ní ìdúró wò lóṣù tó kọjá, ìyẹn tó mi. Mo ti dá ìdúró náà padà, mo sì ti gba dírẹ́bà náà wọlé. Pẹ̀lẹ́ nítorí pátákó yẹn.’”

“Ó wọlé!” Ilésanmí pariwo. Ó sáré jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lọ sọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe níwájú. “Wọ́n ti gbà wá wọlé o! Ṣọ́ọ̀bù mi ti dé gbogbo ayé!”

“Ṣé á ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà?” ni Yahya béèrè.

“Á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ẹ̀gbọ́n.”

“Lára kí ni?”

Ganiyat kúnlẹ̀. Yahya kò rí i, kò sì béèrè ohun tó dún nílẹ̀. Ó yọ fóònù, ó pe Olútóyìn, lọ́yà tó gbà á síṣẹ́.

“Dírẹ́bà ti wọlé, mà. Ẹ fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.”

Olútóyìn kò gbọ́ ju ìdajì àkọ́kọ́ lọ. Ó ti ń kí i kú oríire, ó ń ṣàdúrà, ó ń sọ ibi tí wọ́n á gbé tábìlì rẹ̀ sí. Yahya jẹ́ kó kí i tán, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.