Òdìkejì Bẹ́ẹ̀dì

Ìjì ju aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè. Aṣọ náà fẹ̀, ó bo gbogbo orí fóòmù, etí rẹ̀ kan sì fò dé òdìkejì bí ó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ìjì dúró, ó ń retí kí ọwọ́ kan gbà á. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Aṣọ yọ̀ wálẹ̀, ó ká jọ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ó dáa náà," ló wí fún yàrá tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri kọjá lọ gbé e.

Bí ó ti fa igun ọ̀tún, tòsì tú. Bí ó ti sáré lọ mú tòsì, tọ̀tún yọ. Yàrá inú ọkọ̀ òkun kì í ṣe pálọ̀ ọba. Ẹni tó bá sanra díẹ̀ gbọ́dọ̀ mí sínú kó tó lè yí bẹ́ẹ̀dì po. Kó tó tẹ́ ẹyọ kan yẹn tán, orúnkún rẹ̀ ti gbá irin, òógùn iwájú orí rẹ̀ sì ti kán sórí ìrọ̀rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ láṣọ. Ó bọ́ aṣọ náà kúrò, ó wọ òmíràn fún un. Inú bí i débi pé ó gbá ìrọ̀rí náà lábàrá.

Kò sì rí ẹlòmíràn bínú sí. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a.

Nínú ọkọ̀ afẹ́ yẹn, méjì méjì làwọn tó ń tún yàrá àlejò ṣe ń rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹni méjì. Ọ̀kan á dúró lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, èkejì lápá òsì. Ọ̀kan á ju aṣọ, èkejì á gbà á. Ìjì ni wọ́n ń pe obìnrin tí à ń wí yìí, nítorí bí ó ṣe ń já wọ yàrá. Kí àlejò tó jẹun àárọ̀ tán, bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́, ilé ìwẹ̀ ti ń dán, Ìjì ti lọ. Ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ìyẹn kì í sáré. Lọ́jọ́ tí agogo iná dún, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ sókè, Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ ká tówẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e sí àyè rẹ̀, ó wá béèrè pé níbo ni iná ọ̀hún wà. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ títí.

Ẹ̀fẹ̀ yìí náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ń jẹun lọ́jọ́ kan nínú yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́, ẹnìkan ní Jẹ́jẹ́ ló ń fa Ìjì sẹ́yìn. Orí Ìjì wú. "Ẹ ṣáà fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn," ló wí, "ẹ ó rí bí mo ṣe máa yára tó." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọ́ ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ yìí ni olórí gbogbo àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Káàdì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn nínú ọkọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣì so ìdì kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan mọ́ ìgbànú, tí kò ṣí ohunkóhun mọ́, kí wọ́n ṣáà lè máa gbọ́ pé òun ń bọ̀. Bí ó bá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Á na aṣọ tábìlì tó hunjọ, á fa kọ́tìnì gún. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé bí ọ̀gá bá dé ibi òkú, aṣọ tí wọ́n fi bò ó ló máa kọ́kọ́ nà kó tó kí wọn kú ọ̀fọ̀.

Òun ló gbé ọ̀rọ̀ Ìjì lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní ìyàngbẹ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn lọ́hùn-ún. Bí ẹnìkan bá lè ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, kí wá ni ẹnì kejì ń ṣe nínú ọkọ̀? Wọ́n rán obìnrin kan wá kó wá fojú rí i. Ọ̀sán òní ni Ìjì máa dá tún yàrá kan ṣe níwájú rẹ̀. Bí ó bá yá a lọ́wọ́, wọ́n á sọ ọ́ di òfin: ìdajì àwọn tó ń tún yàrá ṣe á sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ọ̀la tàwọn ti àpótí wọn, Jẹ́jẹ́ ni yóò sì ṣíwájú. Ìjì ní tirẹ̀ á wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù, á di ọ̀gá kékeré. Bí kò bá sì ṣe é, ó ti tan ilé iṣẹ́ jẹ nìyẹn, òun náà á wá ọ̀nà ilé.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti gba Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè fi dídá ṣiṣẹ́ kọ́ra. Wọ́n ní kí ìyẹn lọ máa ká aṣọ ní ilé ìfọṣọ, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo tí ooru sì ń mú bí nǹkan míì. Nígbà tí Ìjì tún àwọn yàrá àárọ̀ ṣe tán tí ara ń ro ó, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìjì. Ṣé o ti dé yàrá bàbá tó wà ní igun?" Jẹ́jẹ́ kò gbójú kúrò lára tówẹ̀lì tó ń ká. "Ife tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, eyín bàbá ló wà nínú ẹ̀. Má da omi ẹ̀ nù o."

"Mo ti dà á nù."

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ dúró.

"Dídún tí eyín náà dún ni mo fi mọ̀," ni Ìjì wí. "Díẹ̀ ló kù kó bá omi lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí. Ìjì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú. Láti ọjọ́ tí àwọn ti jọ ń ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, òun ò mọ̀ rí pé bàbá náà ń bọ́ eyín. Ẹnìkan ti máa ń gbé ife náà kúrò lọ́nà kí òun tó já wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ń lé yín lọ sílé."

"Ẹnu rẹ kọ́. Ẹni tó ti ń wá ọ̀nà àtilé mi ló gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ sọ." Jẹ́jẹ́ nu omi ẹ̀rín kúrò lójú. "Lọ ṣe é dáadáa. Bí ọ̀kan nínú wa bá máa wọ jákẹ́ẹ̀tì, kó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ mi á kàn fi ilé ìwé sílẹ̀ ná."

Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún Ìjì láyà. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

"Ẹ má tíì di àpótí yín," ló wí, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ.

Lórí àtẹ̀gùn yẹn ló ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ó lè díbọ́n pé apá òun ò ká a, kí aṣọ máa bọ́ lọ́wọ́ òun, kí òun máa mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní òun ló lọ́ra, wọ́n á sì wá ẹlòmíràn tó yára jù ú lọ. Ó tún wá kù síbì kan: kí òun, Ìjì, máa ṣe bí ọ̀lẹ lójú gbogbo ayé? Rárá o. Bí ó bá máa kọ̀, á kọ̀ ní gbangba, pẹ̀lú ẹnu kan náà tó fi fọ́nnu.

Nígbà tó dé yàrá ìdánwò, obìnrin ọ́fíìsì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù tó máa fi ka àkókò. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ti há ara rẹ̀ sí òdìkejì bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ fèrèsé, kó lè máa wo bí igun aṣọ ṣe gún sí. Àwọn yòókù tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń na ọrùn.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀," ni obìnrin náà wí.

Ìjì ká aṣọ àná kúrò wàràwàrà. Ó bọ́ ìrọ̀rí, ó wọ ìrọ̀rí, ẹnu ya obìnrin ọ́fíìsì. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ń mi orí bíi bàbá ìyàwó. Ìjì ju aṣọ tuntun. Etí rẹ̀ fò kọjá, ó balẹ̀ sórí bàtà ọ̀gá. Ìjì káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró.

Fóònù ń ka àkókò lọ.

"Kí ló dé?" ni obìnrin náà béèrè.

"Mò ń dúró de ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún, mà."

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ìwọ nìkan ni."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀, mà. Ìdí tí mo fi dúró nìyẹn."

Ẹnìkan wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ pọ́n. "Ìjì, má dójú tì mí. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé o lè dá a ṣe?"

"Èmi ni, sà. Mo sì lè dá a ṣe, mo dá a ṣe láàárọ̀ yìí. Mi ò ní dá a ṣe mọ́ ni."

"O mọ̀ pé a máa gúnlẹ̀ lọ́la."

"Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, sà. Bí ẹ bá ní kí n sọ̀, mo máa sọ̀. Àmọ́ ẹ ò ní fi ọwọ́ mi lé ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rù bà á, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.

Obìnrin ọ́fíìsì yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta ló tún lè ṣe é nínú yín?"

Ọ̀kan ń wo àjà. Ọ̀kan ń ká tówẹ̀lì tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sọ ní yàrá ìjẹun pé Jẹ́jẹ́ ló ń fa Ìjì sẹ́yìn rántí lójijì pé ìdè bàtà òun ti tú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìjì fa aṣọ náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kó o jọ. Lẹ́yìn náà ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, bí ó ṣe máa ń jù ú sí Jẹ́jẹ́ gan-an. Aṣọ fẹ̀ lófuurufú, ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gbà á.

Kò rò ó rárá. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀, ó mú etí aṣọ kó tó kanlẹ̀, ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fóòmù, ó ṣẹ́ igun rẹ̀, ó bọ́ sí igun kejì. Ìjì ń fà lápá tirẹ̀, ọ̀gá ń fà lápá tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dún nídìí rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́, ó sì ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ na àárín rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ náà lórí aṣọ funfun.

"Ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí," ni obìnrin ọ́fíìsì wí.

"Ó ti pẹ́, mà."

"Ẹ̀yin nìkan?"

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wo bẹ́ẹ̀dì náà. "Rárá," ló wí. "A jẹ́ méjì."

Obìnrin náà pa fóònù. Ó ní òun ò lè gbé èyí lọ sí ọ́fíìsì, pé ìdánwò tí ọ̀gá fọwọ́ kún kì í ṣe ìdánwò mọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Ó wá wo Ìjì. "Jákẹ́ẹ̀tì yẹn, gbàgbé ẹ̀."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀, mà."

"A máa dán an wò nínú ọkọ̀ mìíràn."

"Ẹ bá wa kí àwọn tó wà níbẹ̀, mà."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fi ẹ̀gbẹ́ jáde kúrò lábẹ́ fèrèsé. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Kí lẹ̀ ń wò? Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni? Kí ẹnìkan lọ pe Jẹ́jẹ́ wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ò tíì parí." Wọ́n gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Jẹ́jẹ́ dé nígbà tó wù ú, ó ń rọra bọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, Ìjì ì bá ti já wọ yàrá tó kàn, kó ti fọ ilé ìwẹ̀ tán. Lónìí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìyẹn fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Olóríkunkun." Ó wọlé ṣíwájú, ó gba apá òsì rẹ̀.

Ìjì ju aṣọ. Kó tó balẹ̀, ojú rẹ̀ ti wà lára ìrọ̀rí. Ó gbọ́ tí aṣọ náà gún lọ́hùn-ún, ìgbà yẹn ló sì yé e pé láti ọjọ́ yìí wá, òun ò wo òdìkejì rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní Ìjì kò ju pé òun kì í dúró wò ó, torí ọwọ́ kan ń gbà á lọ́hùn-ún. Ó gbójú sókè.

"Kí lò ń wò?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n," ni Ìjì wí, igun aṣọ tirẹ̀ sì tú.